Adúmáadán Tí A Ní Ó Rìnrìn Àjò

Ọdún kẹfà rèé tí o lọ, Adúmáadán. Ọdún kẹfà! Bẹ́ẹ̀ ó dà bí àná tí o ń fi òòlù gba irin lẹ́yìnkùlé, tí aládùúgbò ń pariwo láti ojú fèrèsé pé kí o jẹ́ kí ọmọ òun sùn.

Lọ́dọọdún la máa ń gbé àwòrán rẹ jáde, èyí tí o ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, tí o dúró gbọnrangandan bí ẹni tí ayàwòrán ní kò gbọdọ̀ mí. A ó kọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ sábẹ́ rẹ̀. A ó kọ ọ́ pé o lọ lẹ́yìn àìsàn ránpẹ́. Àìsàn ránpẹ́! Ọdún márùn-ún la ti ń kọ ọ́, ó sì ti mọ́ wa lọ́wọ́ débi pé àwa fúnra wa fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́.

Tọdún yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin ni kò jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ìwọ lo sọ ọ́ ní Sájẹ́ǹtì, nítorí àṣẹ tó máa ń pa fún gbogbo ará ilé kó tó bọ́jú láàárọ̀: ìwọ, dìde, ìwọ, gbálẹ̀, ìwọ, kí lo ń wò? Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ló pọ̀ jù nínú ohun tí a fẹ́ sọ fún ọ lónìí. Má bínú sí i. Bí o bá sì fẹ́ bínú, bínú sí gbogbo wa pọ̀, torí ojú ń ti gbogbo wa.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ ròyìn ilé fún ọ ná. Àwọn géètì tí o fi irin jó pọ̀ kò tíì dípẹtà. Ìyá wa ti ń lo awò ojú méjì báyìí, ọ̀kan fún kíkàwé, èkejì fún wíwá èyí àkọ́kọ́. Àbíkẹ́yìn wa, tí o máa ń gbé sọ́rùn lọ síbi iṣẹ́ nígbà tó wà lọ́mọdé, ti dàgbà, ó ti ga ju Sájẹ́ǹtì lọ, ó sì ti rí ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ẹ. Ọmọ dáadáa ni ọkùnrin náà. Ó kéré lẹ́nu, ó sì máa ń fọ abọ́ tó bá fi jẹun. Ìyá rẹ̀ jẹ́ tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, Màmá Tíṣà la máa ń pè wọ́n. Rántí orúkọ yẹn, a ó tún padà sórí rẹ̀.

Sájẹ́ǹtì ṣì wà nílé ìfọṣọ tó wà ní ìkóríta. Ó ṣì ń fọ aṣọ aláṣọ, ó ṣì ń lọ̀ ọ́. O mọ̀ pé ẹni tó bá ń fọ aṣọ aláṣọ, àpò ló kọ́kọ́ máa ń yẹ̀ wò. Ó máa ń rí kọ́kọ́rọ́, ó máa ń rí bírò, ó máa ń rí àwọn nǹkan tí ìyàwó ilé kò gbọdọ̀ rí. Ní ọjọ́ kan, ó ki ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò oníbàárà kan, ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bà sì mú kí orí rẹ̀ wú. Káàdì oògùn ni, irú èyí tó ń dán bíi fàdákà, tí wọ́n ti tẹ gbogbo hóró inú rẹ̀ jáde. Irú tìrẹ gan-an ni, Adúmáadán. Irú tìrẹ gan-an tó máa ń bá nínú àpò ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ, tó máa ń jù sínú ààtàn láì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ó kà á mọ́ ohun tó máa kọjá. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ kejì ó tún bá a, ó sì tún bá a ní èyí tó tẹ̀ lé e. Ọjọ́ tí ìyàwó ọkùnrin yẹn wá kó aṣọ, ó rọra sún mọ́ káńtà, ó ní ẹ jọ̀ọ́, màmá, ṣé ẹ kò rí nǹkan kan nínú àpò ọkọ mi? Sájẹ́ǹtì ní rárá. Ó ní kò sí nǹkan kan. Obìnrin náà wò ó lójú, òun náà wo aṣọ. Ó ní nígbà tí obìnrin yẹn jáde tán, òun jókòó sórí aṣọ tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀, òun kò tiẹ̀ mọ̀.

Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó rí i lórí fóònù rẹ̀ pé àwọn kan wà tí wọ́n ń fi íntánẹ́ẹ̀tì kọ́ èèyàn níṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń gba ẹni tí oògùn tàbí ọtí ti di bárakú fún nímọ̀ràn. Sátidé ni kíláàsì wọn, láàárọ̀. Ó forúkọ sílẹ̀. Ó sọ fún wa, ó sì ní a kò gbọdọ̀ sọ síta. Ìdí ni pé bí àwọn aráàdúgbò bá gbọ́ irú iṣẹ́ tó ń kọ́, wọ́n á béèrè ohun tó mú un dé ìdí rẹ̀. Ó wá sọ fún wọn pé aṣọ rírán lòun ń kọ́ lórí fóònù. Háà, irọ́ kì í dá rìn! Kò pẹ́ tí ìyá ẹlẹ́ran fi gbé aṣọ wá pé kó bá òun rán bùbá. Bùbá yẹn wà nílẹ̀ níbí fún ìgbà pípẹ́, apá kan gùn ju apá kejì lọ.

Yàrá rẹ ló ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Kò sí ibòmíràn nínú ilé tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń dúró, àfi ẹ̀gbẹ́ fèrèsé rẹ. Ó máa ń fi fóònù ti ara irin fèrèsé tí o jó, èyí tí o ṣe òdòdó sí láàárín, á ki íyàpíìsì bọ etí, á sì pa ilẹ̀kùn dé.

Ilẹ̀kùn yẹn. Adúmáadán, a kò lè sọ ọ̀rọ̀ yìí kí a má dé ibi ilẹ̀kùn yẹn.

O rántí pé irinṣẹ́ rẹ lo ń kó sí yàrá náà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí olè ń yọ àdúgbò lẹ́nu, o jó irin ìdábùú kan mọ́ ìta ilẹ̀kùn náà, o ní olè tó bá lè ṣí i, kó kúkú wá bá òun ṣiṣẹ́. A rẹ́rìn-ín títí. Ta ló mọ̀ pé ìwọ la máa fi tì mọ́ inú ibẹ̀?

O já bọ́ látorí òrùlé ilé iṣẹ́ kan, ẹ̀yìn rẹ bàjẹ́. Wọ́n fún ọ lóògùn ìrora ní ọsibítù. Ìrora lọ, oògùn kò lọ. Ọwọ́ tó máa ń jó irin tí ojú irin á jọ̀lọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí oògùn kò bá sí níbẹ̀. O ta ẹ̀rọ ìjórin rẹ. O sùn sójú títì. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wò wá wò wá. Ìyá wa pe ìpàdé ilé, wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ, àti pé kí a mú ọ sínú yàrá, kí a ti ilẹ̀kùn títí nǹkan náà á fi kúrò lára rẹ. Gbogbo wa ní bẹ́ẹ̀ ni. Sájẹ́ǹtì ló ti irin ìdábùú náà bọ ihò rẹ̀. Àwa sì ń sọ fún ẹni tó bá béèrè rẹ pé o rìnrìn àjò, pé o rí iṣẹ́ ńlá kan sí ọ̀nà jíjìn.

Ikú yá ju ẹ̀sín. Àwọn àgbà ló sọ ọ́, ẹnu wọn kò sì ní jìyà. Ṣùgbọ́n ikú ta ni? Ẹ̀sín ta ni? Ikú tìrẹ, ẹ̀sín tiwa. Bí a ṣe pín in nìyẹn.

Ní kíláàsì Sájẹ́ǹtì, ọjọ́ àkọ́kọ́, olùkọ́ wọn ní kí kálukú sọ ohun tó gbé e wá. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀, dírẹ́bà ni tẹ́lẹ̀, kò tiẹ̀ fọ̀rọ̀ falẹ̀, ó ní ọtí gba ọkọ̀ lọ́wọ́ òun, ó gba ìyàwó, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹsẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan sọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀. Ó wá kan Sájẹ́ǹtì. Ó ní òun kàn fẹ́ràn láti máa ran èèyàn lọ́wọ́ ni. Olùkọ́ béèrè bóyá irú nǹkan báyìí ti ṣẹlẹ̀ nílé tirẹ̀ rí. Ó ní rárá, kò ṣẹlẹ̀ rí. Ó sọ bẹ́ẹ̀ nínú yàrá rẹ, Adúmáadán! Lórí àga rẹ! Ó ní lẹ́yìn tóun sọ ọ́ tán, òun kò lè gbójú sókè wo fèrèsé.

Olùkọ́ yẹn jẹ́ bàbá kan tó máa ń fara balẹ̀ sọ̀rọ̀ débi tí èèyàn á rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló dúró. Ó ní iṣẹ́ yìí kò ju kí èèyàn jókòó kó sì gbọ́ ohun tí ẹnì kejì ń sọ títí tó fi máa parí. Ó rọrùn lẹ́nu! Wọ́n á pín wọn ní méjì méjì, ọ̀kan á ṣe bí ẹni tí nǹkan ti di bárakú fún, èkejì á gbà á nímọ̀ràn. Wọ́n fi Dírẹ́bà àti Sájẹ́ǹtì sójú kan. Dírẹ́bà kò tíì sọ gbólóhùn méjì tí Sájẹ́ǹtì fi dá a lẹ́nu: jáwọ́ ńbẹ̀! Ronú ara ẹ! Lọ wẹ̀! Dírẹ́bà fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ní màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ológun ni yín ni? Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Sájẹ́ǹtì náà rẹ́rìn-ín, ó sì wá rántí ẹni tó fún un lórúkọ yẹn, ó wá díbọ́n pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì já.

Ṣùgbọ́n ó kọ́ ọ. Díẹ̀díẹ̀ ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbọ́rọ̀. A tiẹ̀ rí i nílé. Àbíkẹ́yìn wa á máa ṣàròyé, Sájẹ́ǹtì á fi ọwọ́ lérán, kò ní sọ nǹkan kan. Ẹ̀rù bà wá, a rò pé ara rẹ̀ kò yá.

Sátidé kan ni olùkọ́ kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ tó fọ́ Sájẹ́ǹtì lọ́kàn. Ó ní ẹni tí oògùn ti mọ́ lára, bí wọ́n bá fi tipátipá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ara rẹ̀ á ti gbàgbé bó ṣe ń gbé e. Bó bá wá padà rí i, tó sì lò ó bó ṣe ń lò ó tẹ́lẹ̀, ó lè pa á. Ó ní bí wọ́n bá tètè gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ dé ọsibítù, oògùn wà tó lè jí i. Ó ní kí wọ́n kọ ìyẹn sílẹ̀, torí pé wọ́n lè fi gba ẹ̀mí là lọ́jọ́ kan.

Sájẹ́ǹtì kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ó ti rí ọjọ́ náà.

Ọjọ́ tí o lọ, àlejò wà ní pálọ̀. Àwọn obìnrin méjì tí wọ́n ń bá ìyá wa kọrin ni. Wọ́n béèrè rẹ, a ní o rìnrìn àjò, o tiẹ̀ kí wọn. A kò mọ̀ pé o ti rí hóró oògùn tí o fi pamọ́ sínú páìpù irin kan láàárín àwọn irinṣẹ́ rẹ. O kànlẹ̀kùn. Kò le. Bí ẹni tó ń fi ẹ̀yìn ìka kàn án ni. Sájẹ́ǹtì dìde, ó yí rédíò sókè. Wọ́n ń ròyìn eré bọ́ọ̀lù. O tún kàn án. Ó tún yí i sókè. Ọ̀kan nínú àwọn àlejò rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀yin ará ilé yìí mà fẹ́ràn bọ́ọ̀lù o! A bá wọn rẹ́rìn-ín. O kò kàn án mọ́. Ìgbà tí wọ́n lọ tán, tí a ṣílẹ̀kùn, o ti lọ. O ti lọ, Adúmáadán, o fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, a sì ní láti tì ọ́ kí a tó lè wọlé bá ọ.

Ó wá yé Sájẹ́ǹtì lọ́jọ́ kíláàsì yẹn pé kì í ṣe wàhálà lo ń fi ìkànlẹ̀kùn ṣe. O ń pè wá ni.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn ni Màmá Tíṣà wá kí wa. Wọn kò sọ tẹ́lẹ̀. Àárọ̀ Sátidé ni, Sájẹ́ǹtì sì wà lẹ́nu kíláàsì nínú yàrá rẹ. Ìyá wa gbé àga fún wọn, àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn rẹ. Màmá Tíṣà béèrè pé àgbà ọmọ yín ńkọ́, mo gbọ́ pé ó ń kọ́ iṣẹ́ kan. Ẹ̀rù ba ìyá wa. Ta ló máa sọ fún ìyá ọkọ pé àgbà ọmọ òun ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹni tí oògùn gbé mì? Wọ́n á ní kí ló dé? Wọ́n á wádìí. Wọ́n á ní ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ìyá wa dáhùn kíá, wọ́n ní háà, ó mà ti rìnrìn àjò!

Bí wọ́n ti wí bẹ́ẹ̀, ohùn Sájẹ́ǹtì jáde díẹ̀ láti inú yàrá, níbi tó ti ń dáhùn ìbéèrè olùkọ́. Ìyá wa fò dìde, wọ́n yí rédíò sókè.

Sájẹ́ǹtì gbọ́ ọ. Ọkùnrin kan ń polówó ọṣẹ. Ó yọ íyàpíìsì létí kan. Ìgbà yẹn ló kọ́kọ́ gbọ́ rédíò náà láti ibi tí ìwọ ti máa ń gbọ́ ọ. Ohun kan sì wà tó ti ń fi tu ara rẹ̀ nínú láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá: ó ní ó kéré tán, ariwo rédíò kò ní jẹ́ kí o gbọ́ irọ́ tí a ń pa nípa rẹ. Irọ́ ni! Ara ògiri ọ̀hún lọ́hùn-ún ni rédíò wà, ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni àlejò máa ń jókòó. Ẹni tó wà nínú yàrá ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ kedere. Ó gbọ́ bí ìyá wa ṣe ní ó ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Ó gbọ́ bí Màmá Tíṣà ṣe ní ẹ bá mi kí i. Ó gbọ́ bí ife ṣe kan abọ́.

O gbọ́ wa, Adúmáadán. Lójoojúmọ́ ni o ń gbọ́ wa. Rédíò kò bo ohùn tiwa, tìrẹ nìkan ló bò.

Sájẹ́ǹtì gbàgbé pé máìkì òun ṣì wà ní títàn. Gbogbo kíláàsì ti gbọ́. Olùkọ́ rọra béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní ta ló rìnrìn àjò? Ó ní èmi ni. Èmi ni wọ́n ní ó rìnrìn àjò. Ó wá bú sẹ́kún, ó ní àbúrò mi ọkùnrin náà, a ní ó rìnrìn àjò. Yàrá yìí ló wà. Ó kànlẹ̀kùn, mo yí rédíò sókè. Dírẹ́bà kò rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ kò sọ nǹkan kan títí ó fi sọ ọ́ tán, ohun kan ṣoṣo ló sì béèrè: ṣé wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ yín báyìí? Ó wo ilẹ̀kùn náà. Ó ní rárá, kò sí ní títì.

Ó dìde, ó ṣí i.

Ó gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá, ó lọ pa rédíò. Ó kúnlẹ̀ kí Màmá Tíṣà, íyàpíìsì ṣì ń rọ̀ lọ́rùn rẹ̀. Ó ní ẹ kú àbọ̀, ma. Mi ò rìnrìn àjò. Ó ní ibí ni mo wà, iṣẹ́ tí mo ń kọ́ sì nìyí. Ó ní àbúrò mi tí ẹ gbọ́ pé àìsàn ránpẹ́ ló pa, oògùn ló di bárakú fún un, àwa la sì tì í mọ́lé, torí ojú ń tì wá. Gbogbo rẹ̀ ló sọ.

Màmá Tíṣà wo ìyá wa. Wọ́n wo ilẹ̀kùn, wọ́n wo irin ìdábùú tó wà lára rẹ̀. Wọ́n ní ṣé ìta ni wọ́n ti ń ti èyí ni? Wọ́n mú báàgì wọn, wọ́n ní ó dàbọ̀.

Háà, ilé gbóná! Ìyá wa ní Sájẹ́ǹtì ti tú àwọn sí ìhòòhò lójú àna. Wọ́n ní kó tún lọ gun orí táńkì omi lójú títì kó kígbe rẹ̀. Àbíkẹ́yìn wa sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú, ó ní ṣé tòun ló kù kí wọ́n bà jẹ́. Nígbà tí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wá, a rò pé ó wá kọ̀ ọ́ ni. Kò kọ̀ ọ́. Ó kàn béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ló dé tí ìwọ náà fi lè wò mí lójú, kí o sọ fún mi pé àìsàn ránpẹ́ ni? Títí di òní, a kò tíì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà máa já sí. Ó ṣì ń wá, ó ṣì ń fọ abọ́ rẹ̀. Màmá Tíṣà kò tíì wá.

Ìyá wa kò bá Sájẹ́ǹtì sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Àfi ọ̀sán ọjọ́ kan tí wọ́n pè é. Wọ́n ní kó lọ jókòó sí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, kó tan rédíò, kó yí i sókè bíi ti ìgbà yẹn, kó sì máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá àlejò sọ̀rọ̀. Wọ́n wá wọ yàrá rẹ, wọ́n sì pa ilẹ̀kùn dé. Sájẹ́ǹtì ní ẹ káàbọ̀. Ó ní ilé ńkọ́? Ó ní ó rìnrìn àjò. Ó ní ó rí iṣẹ́ ńlá kan, ó sì ní ká kí yín.

A gbọ́ ìkànlẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan. Ìyá wa ló kàn án látinú, pẹ̀lú ẹ̀yìn ìka. Sájẹ́ǹtì fò dìde débi pé àga ṣubú.

Ìyá wa jáde. Wọ́n wọ bàtà, wọ́n lọ pe Kúkúrú, jórinjórin ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ jọ kọ́ṣẹ́, wọ́n ní kó wá gé irin yẹn kúrò lára ilẹ̀kùn àwọn. Kúkúrú gbé ẹ̀rọ wá, ó ní iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ kẹ̀! Irin rẹ kò gbà. Iná ń tàn yẹ́ríyẹ́rí, òógùn ń bọ́ lójú Kúkúrú, ó ń ṣépè fún ọ, ó ní ta ló ní kí ọ̀gbẹ́ni yìí jó o báyìí, ṣé ilé ìfowópamọ́ ni ó rò pé òun ń kọ́ ni? Ó rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín, ó wá jókòó sílẹ̀, ó fi aṣọ iṣẹ́ bojú. Ó ní ẹ sọ fún mi pé ó rìnrìn àjò. Ó ní mo bínú sí i pé kò dágbére fún mi.

A tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, Adúmáadán. Lọ́wọ́ tìrẹ, báwo ni a ṣe fẹ́ tọrọ rẹ̀?

Irin náà ti kúrò. Ojú ibi tó wà ṣì dúdú lára ilẹ̀kùn, ìyá wa kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kùn ún. Sájẹ́ǹtì ti parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ilẹ̀kùn sì ṣí sílẹ̀ gbayawu lọ́jọ́ tó ṣe ìdánwò ìkẹyìn. A jókòó sí pálọ̀, a pa ẹnu mọ́, ìyá wa tiẹ̀ ń na ìka sí ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́. Sájẹ́ǹtì ti sọ òtítọ́ fún ìyàwó oníṣòkòtò yẹn náà. Obìnrin náà pòṣé, ó gba aṣọ rẹ̀, kò sì tíì padà wá sílé ìfọṣọ. Ṣùgbọ́n ó gba nọ́ńbà fóònù rẹ̀ kó tó lọ. Láti ìgbà yẹn, Sájẹ́ǹtì kì í jẹ́ kí fóònù jìnnà sí òun. Bó bá dún, á ti gbé e kí a tó mọ̀ pé ó dún.

Àwọn aráàdúgbò ti gbọ́. Àwọn kan ń wò wá wò wá bíi ti àtijọ́. Ìyá ẹlẹ́ran wá gba aṣọ rẹ̀ padà, ó sì tún jókòó pẹ́ díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, a sì rò pé ó ní nǹkan tó fẹ́ sọ. Sájẹ́ǹtì kò dá a lẹ́nu.

Adúmáadán, ọmọ ìyá wa, ọlọ́wọ́ iná, o kò rìnrìn àjò rí. Ilé lo wà. Oògùn ló di bárakú fún ọ, àwa la sì tì ọ́ mọ́ inú yàrá torí ojú ayé. Ohun tí a kọ sábẹ́ àwòrán rẹ lọ́dún yìí nìyẹn, ìyá wa ló fi ọwọ́ ara wọn kọ ọ́, pẹ̀lú awò ojú méjèèjì. Ojú ń tì wá. Ojú rẹ sì ń ro wá. A fẹ́ràn rẹ nígbà tí ọwọ́ rẹ ń jó irin, a fẹ́ràn rẹ nígbà tó ń gbọ̀n, a kàn fẹ́ràn ẹnu ayé jù ọ́ lọ nígbà yẹn ni. A kò fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Kànlẹ̀kùn, Adúmáadán. A ti pa rédíò.